Ohùn katakata Bàbá àgbà

1/
Láti ìgbà tí mo ti gbé fídíò katakata Bàbá àgbà mi síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìbéèrè ò ti jẹ́ kí fóònù mi sinmi. "Ti ta ni?" "Ṣé ẹ máa tà á?" "Kí ló dé tí o ò fi orin sí fídíò yẹn?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọ̀rọ̀ náà gùn o. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó kọ́kọ́ dín iná rẹ̀ kù.

2/
Kí n tó bẹ̀rẹ̀: tí mo bá ní katakata, mi ò sọ èyí tí wọ́n fi ń wó ṣọ́ọ̀bù èèyàn o. Tráàkítọ̀ ni mò ń sọ, èyí tó ń túlẹ̀ lóko. Lọ́dọ̀ wa, katakata ni gbogbo wọn ń jẹ́. Massey Ferguson 35 ni ti Bàbá. Wọ́n kun orí rẹ̀ àti ìbòrí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ní pupa, wọ́n kun ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Ní 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ méjèèjì yìí tà á. Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe é. Pupa ti Bàbá ti ṣá báyìí, ó ti dà bí ata tó pẹ́ jù nínú oòrùn.

3/
Ẹni ọdún 82 ni Bàbá. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ katakata, ní 1962. Nígbà yẹn, kò tíì pẹ́ tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá àwọn abúlé àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní farm settlement sílẹ̀. Olóyè Akin Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn, wà lára àwọn tó gbé ètò náà dìde, Ísírẹ́lì ni wọ́n sì ti lọ wo àpẹẹrẹ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ọ̀dọ́ tó ti kàwé díẹ̀ rí ìdí tí yóò fi dúró sóko, kó má sáré lọ wá iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìlọrà, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, wà lára ibi tí wọ́n dá a sí. Abúlé wa ò jìnnà síbẹ̀.

4/
Bàbá kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú. Ọmọ abúlé tó ń lọ wòran ni. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí katakata, òun àti bàbá òun ti lo ọjọ́ mẹ́fà lórí ilẹ̀ kan, ẹ̀yìn wọn ti fẹ́ kán. Katakata wọ ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ láàárọ̀. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ó ti tú u tán. "Mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀lé e." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Omi ló kọ́kọ́ ń pọn sí rèdíétọ̀. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tó ń nu ẹ́ńjìnnì. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó gbé e fún un wà.

5/
Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wọ settlement ló padà fi í sílẹ̀, àwọn katakata náà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1979, wọ́n lu àwọn òkú katakata kan ní gbàǹjo. Bàbá ra ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, táyà méjì ti là. Owó àgbàdo ọdún méjì ló kó sí i, pẹ̀lú owó tí Màámá àgbà rí nídìí aṣọ títà. Màámá ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan. Títí Màámá fi kú, "ìyàwó kékeré" ló ń pe katakata yẹn. Tí Bàbá bá pẹ́ lóko: "Ẹ lọ bi ìyàwó yín bóyá ó ti se ọbẹ̀."

6/
Gbogbo àwa ọmọọmọ la máa ń lo họlidé lọ́dọ̀ wọn, àwa mẹ́sàn-án. Ẹ má rò pé Bàbá ń kó wa jókòó lábẹ́ igi láti sọ ìtàn katakata fún wa. Rárá o. Iṣẹ́ ló ń pín. Ọ̀kan á pọn omi. Ọ̀kan á di gbogbo sípánà mú, á sì mọ nọ́ńbà wọn lórí. Tí Bàbá bá na ọwọ́ sẹ́yìn, kò ní wẹ̀yìn, sípánà tó yẹ ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀kan á máa nu pílọ́ọ̀ tí wọ́n bá toko dé. Tèmi ni tọ́ọ̀ṣì àti ìwé.

7/
Ìwé wo? Katakata kì í ka kìlómítà bíi mọ́tò. Wákàtí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ ló ń kà, aago kan wà níwájú rẹ̀ fún ìyẹn. Wákàtí yẹn ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì, ìgbà tí ẹ máa yọ fílítà. Ọmọ ọdún 8 ni mí nígbà tí Bàbá gbé ìwé kan fún mi. Lálaalẹ́, màá tan tọ́ọ̀ṣì sí aago yẹn, màá kọ ọ́: ọjọ́, wákàtí, oko ta ni wọ́n tú, dísẹ́ẹ̀lì tó wọlé. Mo ń kọ ọ́ bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Tí mo bá ní, "Bàbá, ó ku wákàtí mẹ́rin kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì," wọn á dá katakata dúró. Torí ohun tí èmi sọ! Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe ń wú tó.

8/
Ohun kejì tó ń fún wa ṣe ni gbígbọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde: "Ẹ panu mọ́. Ẹ gbọ́ ọ." Sílíńdà mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì Perkins yẹn ní, ìró rẹ̀ kì í já geere bíi ti olójú mẹ́rin. Ó ń fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ ni. Bàbá ní ẹ́ńjìnnì tó bá dáa, bíi gúdúgúdú ló ṣe máa ń dún: ìyáàlù lè máa pe oríkì èèyàn, gúdúgúdú ò ní yẹsẹ̀, ibi tó wà náà ló máa wà. Tó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lórí, fáàfù ni. Tó bá ń hú bí ẹni tó mu ọtí, afẹ́fẹ́ ti wọ inú epo. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún 10, mo lè dúró sílé kí n sọ bóyá katakata ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀.

9/
Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ẹ̀rín díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yẹn, tó bá ti dìde, ẹ lè yọ kọ́kọ́rọ́, kó ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Àfi kí ẹ fa ọwọ́ kékeré kan tó ń dá epo dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ò mọ̀. Ó jí kọ́kọ́rọ́, ó gbé katakata dìde. Bó ṣe rí Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó jù ú sápò, ó dúró bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́. Katakata ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.
"Ta ló gbé e dìde?"
"Mi ò mọ̀, Bàbá."
Ó ti bímọ méjì báyìí. "Mi ò mọ̀, Bàbá" la ṣì fi ń kí i.

10/
Ẹ̀rín tán níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá ti pé ọdún 13 nínú wa, Bàbá máa gbé e gun katakata, wọ́n á kọ́ ọ ní wíwà. Mo ń dúró de tèmi. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ lórí: ọ̀pá jíà kékeré gbọ́dọ̀ wà lórí S kó tó lè dìde, ẹsẹ̀ òsì lórí kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún lẹ́bàá ìjókòó ló ń gbé pílọ́ọ̀ sókè sódò. Mo pé ọdún 13. Àbúrò mi ọkùnrin tó kéré sí mi ni wọ́n pè.
Mo ní, "Bàbá, èmi ńkọ́?"
Wọ́n ní, "Ìwọ kẹ̀? Ta ni yóò wá máa kọ ìwé? Àṣàkẹ́, tan tọ́ọ̀ṣì síbí."
Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí: wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó lè dun èèyàn.

11/
Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn ń rí àwáwí ni. Lọ́dún kan lẹ́sìnnì ni, lọ́dún kejì WAEC, lẹ́yìn ìyẹn JAMB. Yunifásítì dé, àgùnbánirọ̀ dé, iṣẹ́ fídíò tí ẹ mọ̀ mí mọ́ yìí náà dé. Ọdún 2013 ni mo kọ ìlà tó kẹ́yìn sínú ìwé yẹn. Bàbá ń pè mí lórí fóònù. Mo ń gbé e. Mo ń sọ pé mò ń bọ̀.

12/
Oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá ni mo wá lọ, kí n sọ òótọ́ fún yín, torí fídíò ni. Nǹkan àtijọ́ ló ń tà lórí ayélujára nígbà yẹn. Mo gbé Bàbá jókòó sórí katakata, mo fi fìlà abetí ajá dé wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n "mi ò mọ̀, Bàbá" gbé ẹ́ńjìnnì dìde kí èéfín lè máa jáde nínú páìpù, kó lè wu ojú rí. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má paá, mò ń dúró de oòrùn ìrọ̀lẹ́. A dúró títí epo fi tán, tó pa ara rẹ̀. Oòrùn náà wá dáa, mo rí ohun tí mò ń wá. Mo délé, mo fi orin amapiano sí i. Èèyàn tó ju 200,000 lọ ló wò ó. "Katakata yìí ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí." "Baba yìí le o!" Ẹ rántí rẹ̀, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

13/
Lọ́jọ́ kejì, mo gbé fóònù fún Bàbá pé kí wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n wá gbé e sétí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dá a padà fún mi.
"Orin yẹn dùn. Ohùn rẹ̀ ńkọ́?"
Mo ní, "Ohùn ta ni, Bàbá?"
"Ohùn katakata. Ṣebí òun lo ní o yà."

14/
Ẹ gbọ́ mi. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ariwo ni mo kà á sí, ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́ dànù. Èyí tó tún wá burú ju ìyẹn lọ: wákàtí mẹ́ta ni mo fi ya ojú Bàbá sínú fídíò, mo sún kámẹ́rà mọ́ wọn débi tí mo fi lè ka irun ìpéǹpéjú wọn, mi ò sì rí i pé nǹkan kan tó funfun bí omidùn ti bo ẹyin ojú wọn. Bàbá ò ríran mọ́. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn ni wọ́n fi ń mọ gbogbo wa.

15/
Mo sọ fún ìdílé. Wọ́n gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní àwọn lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú kan; ìkejì ti pẹ́ jù. Owó ló kù. Dádì Ìbàdàn, àbúrò bàbá mi, ló sọ ohun tí kálukú ń rò: "Ẹ jẹ́ ká ta katakata." Ẹ má bínú sí i o. Òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá lóṣooṣù, kì í sì í pariwo rẹ̀. Ó ní, "Irin ò lè ríran fún wọn." Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un. Èmi náà ò rí.

16/
Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá ní ọjọ́ Ẹtì kan ní Oṣù Kẹfà ọdún yìí. Wọn ò tiẹ̀ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kílò ni wọ́n ń rà. Ọ̀kan nínú wọn ń fi ọwọ́ fa ìlà afẹ́fẹ́ sí i lára, ibi tí wọ́n máa fi iná gé kó lè wọ ọkọ̀. Bàbá jókòó sórí àga lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dúnàádúrà tán. Bàbá wá ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

17/
Wàhálà ibẹ̀ nìyí: láti ọjọ́ fídíò mi, kò sẹ́ni tó gbé e dìde. Mo sì ti jẹ́ kí epo tán nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Tí epo bá tán pátápátá, afẹ́fẹ́ á wọ páìpù, pípọn dísẹ́ẹ̀lì sí táńkì nìkan ò ní tó. Àfi kí ẹ lé afẹ́fẹ́ náà jáde, látorí fílítà títí dé nọ́sùlù. Mẹkáníìkì tó ń bá Bàbá ṣe é ti kó lọ sí Ìlọrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n kọ́ ní wíwà, ọ̀kan wà ní Kánádà, ọ̀kan ní Àbújá, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ báǹkì, kò rí ààyè. Èmi ni mo wà nílé, èmi àti àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Dádì Ìbàdàn, ọmọ ọdún 11.

18/
Sátidé, aago méje àárọ̀. A yá bátìrì lọ́wọ́ onímọ́tò kan ládùúgbò. A gbé àga Bàbá sún mọ́ katakata. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo ni sípánà. Àṣàkẹ́, ṣí àpótí, ìwé ń bẹ níbẹ̀, nọ́ńbà nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀." Mo ṣí àpótí irinṣẹ́. Ìwé mi ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rá wé e.

19/
Mo ṣí i síbi tí mo kọ gbẹ̀yìn, 2013, lẹ́tà róbótó-róbótó ti ọmọ ọdún 14. Lábẹ́ rẹ̀, Bàbá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ lọ. Ọjọ́, wákàtí, oko ta ni, dísẹ́ẹ̀lì. Wọn ò fo ọ̀kan. 2015, ó rẹwà. 2018, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. 2021, ó ti ń kúrò lórí ìlà. Nígbà tó fi máa di 2023, nọ́ńbà kan ń gba ìlà mẹ́ta, èyí tó tẹ̀lé e gun orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Gbogbo bí ojú Bàbá ṣe ń lọ wà nínú ìwé yẹn lójú ewé bíi 20. Ìwé tèmi. Ká ní mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn, mi ò bá ti rí i.
Mi ò lè sọ̀rọ̀. Bàbá ní, "Ṣé o ti rí nọ́ńbà?"

20/
Bí wọ́n ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde nìyí, ẹni tó bá ní bàbá tó ní katakata, kó fi pamọ́. Ẹ pọn dísẹ́ẹ̀lì sí táńkì, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí fílítà díẹ̀, ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ wá fi ọwọ́ máa tẹ ẹsẹ̀ pọ́ǹpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ìfófó ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí tí dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ lásán á fi máa jáde, ẹ dí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí pọ́ǹpù ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tú orí páìpù àwọn nọ́sùlù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí epo á fi tú síta níbẹ̀, ẹ wá dè wọ́n padà.

21/
Ó rọrùn láti kọ, àbí? Nọ́ọ̀tì tí kò yẹ ni mo kọ́kọ́ tú. Dísẹ́ẹ̀lì fọ́n sí mi lójú àti ẹnu. Bàbá gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n ní, "Kì í ṣe ìyẹn. Ọwọ́ òsì. Èyí tó kéré." Àbẹ̀kẹ́ ń tẹ pọ́ǹpù, ó ń kà á sókè. Nígbà tó ká 140, mo ní, "Bàbá, ó ti mọ́." Wọ́n ní, "Ìfófó ṣì wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ." Mo tẹ etí mọ́ ọn. Lóòótọ́, ó ń dún ṣùù-ṣùù bí ẹní ń pe ológbò.

22/
A ní kí bátìrì sinmi díẹ̀ kó tó di pé a yí kọ́kọ́rọ́. Mo wá ń sọ ohun tí mo kà lóru ọjọ́ tó ṣáájú fún Bàbá. Mo ní ní January 1958, Edmund Hillary, ẹni tó gun òkè Everest, wa irú katakata yìí dé òpin ayé ní gúúsù, níbi tó jẹ́ kìkì yìnyín. Ferguson TE20 ni, ẹ̀gbọ́n 35 yìí. Wọ́n kàn fi irin ìrìn wé ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa rì. Bàbá dákẹ́. Mo rò pé inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Nínú òtútù yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ta ló ń gbé e dìde fún wọn láàárọ̀?" Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

23/
Bàbá náà wá san tèmi padà. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kan irin mẹ́ta tó wà lẹ́yìn katakata, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Wọ́n ní irin mẹ́ta yẹn ni ọgbọ́n Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i lára. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń fa pílọ́ọ̀ lẹ́yìn bí ẹní ń fa ewúrẹ́ ni. Tó bá kọ kùkùté igi, iwájú katakata lè gbéra sókè, kó sì dà sórí awakọ̀. Irin mẹ́ta yẹn so òun àti pílọ́ọ̀ di ara kan. Bàbá ní, "Òun ni mi ò ṣe kú sí kùkùté." Láti kékeré mi, mi ò gbọ́ èyí rí. Wọn ò sọ ọ́ rí torí mi ò fọwọ́ kàn án rí.

24/
Aago 11 kọjá díẹ̀. Mo fi ọ̀pá sórí S. Mo yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí ó ti máa kọ́kọ́ móoru, mo ka 20. Mo yí i síwájú. Ó sín. Ó dákẹ́. Mo tún un ṣe. Ó sín lẹ́ẹ̀mejì, èéfín funfun jáde. Bátìrì ti ń rẹ̀ ẹ́. Bàbá ní, "Fún un ní epo díẹ̀ sí i. Má bẹ̀rù rẹ̀." Lẹ́ẹ̀kẹta, sílíńdà kan gbà, ó ń dún gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Èkejì gbà. Ẹ̀kẹta bá gbà. Ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn adìyẹ fò lọ.

25/
Bàbá dìde lórí àga. Wọ́n na ọwọ́, mo mú wọn dé ibẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n gbọ́ ọ pẹ́. Mo rò pé wọ́n máa sunkún, èmi ti ń sunkún ní tèmi. Wọ́n ní, "Fáàfù ń pariwo. Ta ló jẹ́ kó dà báyìí?"
Àbẹ̀kẹ́ ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá."

26/
Lẹ́yìn tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, Bàbá ní, "Àṣàkẹ́, gùn ún."
Mo ní, "Bàbá, ìwé ni mò ń kọ."
Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn tí mo kọ́ ni wọ́n ti lọ yẹn. Mi ò rò ó dáadáa nígbà náà. Gùn ún."
Ẹni tó bá dàgbà sọ́dọ̀ irú bàbá bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Mo gùn ún. Ó kú lẹ́ẹ̀mejì nídìí kílọ́ọ̀ṣì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo wà á yí igi dóńgóyárò ká, bíi màlúù tó ti mutí yó. Àbẹ̀kẹ́ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pariwo pé òun ló kàn.

27/
Dádì Ìbàdàn dé lọ́jọ́ Àìkú. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan o. Ó ṣì fẹ́ kí ojú Bàbá là, owó ojú ò sì kéré. Ohun tó yí padà ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú èékánná tó dúdú fún epo. Ó wò ó títí. Bá a ṣe parí rẹ̀ nìyí: a ta tírélà ẹ̀yìn àti táyà méjì tó wà nílẹ̀. Àwa ọmọọmọ mẹ́sàn-án dá èyí tó kù, títí kan ti Kánádà. Owó tí fídíò alámapiano yẹn pa wọlé fún mi, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Àwọn onírin padà wá lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mu omi, wọ́n lọ.

28/
Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Bàbá ń rí ọwọ́ ara wọn, wọ́n ń rí ojú wa tí a bá sún mọ́ wọn. Ojú òsì ò padà. Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé katakata ò ní lọ lọ́jọ́ kan. Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, èròjà rẹ̀ ń ṣọ̀wọ́n, èmi náà ò gbé abúlé. Ṣùgbọ́n ní báyìí, mo ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àbẹ̀kẹ́ ló ni ìwé. Mo gbé e fún un, mo sì sọ fún un níwájú Bàbá pé tó bá pé ọdún 13, yóò wà á, ìwé tàbí kò sí ìwé.

29/
Torí náà, ẹ̀yin tó béèrè ìdí tí kò fi sí orin nínú fídíò ọ̀sẹ̀ tó kọjá: Bàbá ni mo ṣe é fún. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì nìkan. Èèyàn 3,000 péré ló wò ó. Bàbá ti gbọ́ ọ ju ẹnikẹ́ni nínú yín lọ. Wọ́n gbé fóònù sétí lálẹ́ bí rédíò. Wọ́n ní fáàfù yẹn, ká tún un ṣe kí òjò tó dá.

30/
Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Tí ẹ bá ní àgbàlagbà tó fẹ́ràn nǹkan kan, máṣíìnì ìránṣọ ni o, kámẹ́rà àtijọ́ ni o, agbẹ́ ìlù ni o, ẹ má lọ bá a pẹ̀lú fóònù nìkan. Ẹ ní kó fún yín níṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín dọ̀tí. Tí ẹ bá sì máa yà á, ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni àgbà ilé yín fẹ́ràn, iṣẹ́ wo ni wọ́n sì fún yín ṣe nídìí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Ẹ lè gbé iná ọbẹ̀ yín sókè báyìí.